Ohun Tó Wà Nínú Ìgò Afínjú

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ohun gbogbo láyé yìí ń rí lára, ẹ má wá a lọ jìnnà. Ó wà ní yunifásítì, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ báyọ́lọ́jì, Afínjú sì ni gbogbo èèyàn ń pè é láti kékeré, débi pé àwọn olùkọ́ rẹ̀ gan-an kì í tètè rántí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ọmọbìnrin yìí kò lè fi ife tí ẹlòmíì ti fẹnu kàn mu omi. Bó bá rí ẹyọ irun kan lára ọṣẹ nílé ìwẹ̀, ìwẹ̀ ti parí nìyẹn. Irú ẹni báyìí, kí ló wá gbé e dé ìdí ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé inú eku àti inú aáyán ni wọ́n ti ń wá ìmọ̀? Ìmọ̀ ìṣègùn ló fẹ́ kà. Wọn kò gbà á síbẹ̀, báyọ́lọ́jì ni wọ́n fún un, òun náà sì gbà á, nítorí bí a kò bá rí àdán, òòbẹ̀ la fi ń ṣẹbọ.

Òòbẹ̀ yẹn fi ojú rẹ̀ rí màbo. Òórùn fọ́málìn, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ẹran kí ó má baà jẹrà, wọ inú irun rẹ̀, ó wọ inú ìrọ̀rí rẹ̀, ó sì bá a dé ìdí búrẹ́dì tó ń jẹ láàárọ̀. Wọ́n kan eku mọ́ pákó níwájú rẹ̀, wọ́n là á nínú láti ọ̀fun dé ìdí, wọ́n ní kó wá wo bí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe ń dán. Wọ́n fún un ní aáyán, wọ́n ní kó máa yọ ẹ̀yà ẹnu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì tò wọ́n sórí bébà. Ọjọ́ tí wọ́n la ọ̀pọ̀lọ́ kan tí ẹyin dúdú kún inú rẹ̀ bámúbámú, ṣe ni itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu Afínjú. Ó sáré jáde, ó bì sẹ́yìn láàbù, ó sì fi omi yọ́ ẹnu títí ẹrẹ̀kẹ́ fi ń dùn ún.

Ohun tó gbà á là láti ọdún kìíní dé ìkẹta ni pé ó mọ àwòrán yà ju gbogbo wọn lọ, ó sì rí ẹni bá a gé ẹran. Ẹni náà ni ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Máfọwọ́, orúkọ tí kò nílò àlàyé. Máfọwọ́ yóò la eku tán, yóò nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, yóò sì mú ẹ̀pà jáde nínú àpò, yóò máa dà á sẹ́nu. Lópin ọ̀sẹ̀, yóò lọ bá àwọn apẹja létí odò, yóò bá wọn jẹ ẹja tí iná kàn fẹ́ lójú lásán. Bó bá ń jẹun, Afínjú kì í wo apá ibẹ̀. Síbẹ̀, tábìlì kan náà ni wọ́n jọ ń lò: Máfọwọ́ ń gé, Afínjú ń yà. Àwọn àgbà ní afínjú wọ ọjà, ó rìn gbẹndẹ́kẹ. Ọ̀bùn wọ ọjà, ó rìn ṣùẹ̀ṣùẹ̀. Ọ̀bùn ni yóò ru ẹrù afínjú relé. Bí ọjọ́ tí afínjú bá ru ẹrù ọ̀bùn ṣe máa ń rí, wọn kò sọ ìyẹn fún wa.

Àbúrò ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, Àǹtí ló ń pè é. Ìyá tó bí i kú nígbà tó ṣì ń rá kòrò, Àǹtí gbé e, kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́. Àǹtí yìí ni ọ̀gá ilé ìdáná tó ń bọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé inú ọgbà, yàrá kan lẹ́yìn ilé ìdáná náà ni òun àti Afínjú sì ń gbé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni ọmọ ti kó àrùn ìmọ́tótó. Àǹtí a máa fọ ìkòkò kó tó fi dáná, a tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn tó bá dáná tán. Bí òṣìṣẹ́ kan bá sín, kó bọ́ síta títí imú rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ní ti ẹja, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹja tí kò bá dún lábẹ́ eyín kò tíì jinná. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi ẹja náà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní èèyàn lè fi kọ́lé kí òjò má jò ó. Àǹtí á ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ, ṣebí kò sí ẹni tí inú ń run nínú wọn.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn nípa àwọn ẹ̀dá tó ń gbé inú ara ẹlòmíì jẹun ni obìnrin àgbà kan tó ń wọ awò ojú nínípọn. Ìyá Aràn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn. Bó bá ń sọ̀rọ̀ nípa aràn, ṣe ni ojú rẹ̀ máa ń tàn bí ti ìyá tó ń ròyìn ọmọ ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ó gbé àpótí kan ka orí tábìlì, ó sì ń pín àwọn ìgò kéékèèké tó ní ìdérí, kálukú ẹyọ kan.

"Bí a bá tún pàdé," ó ní, "kí kálukú yín mú ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ wá nínú ìgò yìí. Ẹ kọ nọ́ńbà yín sí i lára. Ẹ máa wo ohun tó ń gbé inú yín."

Kíláàsì rọ́ gììrì. Ẹnìkan nawọ́ láti ẹ̀yìn.

"Mà, tiwa gan-an?"

"Àbí ẹ fẹ́ lọ yá ti aládùúgbò ni?" Ìyá Aràn wò wọ́n lórí awò ojú rẹ̀. "Ẹni tó ń kọ́ nípa ohun abẹ̀mí, tí ara tiẹ̀ ń rí i lára, kí ló fẹ́ mọ̀? Kẹ́ ẹ sì gbọ́ o, ẹni tó bá mú àyédèrú wọ láàbù mi, á tún ọdún yìí ṣe látòkèdélẹ̀. Mi ò ní í gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

Afínjú fi ìka méjì gbé ìgò tirẹ̀, ó sì dì í sínú ọ̀rá, ó tún di ọ̀rá náà sínú ọ̀rá mìíràn, bẹ́ẹ̀ ìgò ṣófo ni o.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó gbìyànjú. Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ ìyẹn. Ó ti ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ mọ́rí láàárọ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́ méjì lé ara wọn, ó fi ìbòmú bo imú, ó gbé ìgò sétí fèrèsé, ó sì mú ṣíbí ike kékeré lọ́wọ́. Inú rẹ̀ ṣe ohun tí inú ń ṣe. Ṣùgbọ́n bó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bù ú, ohun gbígbóná náà fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú. Ó ronú pé inú òun nìyí ti jáde, inú òun tí òun ń fi omi gbígbóná àti ọsàn fọ̀ láràárọ̀, òun nìyí o, kò yàtọ̀ sí ti ajá ẹ̀bá ọ̀nà. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó da omi lé gbogbo rẹ̀ lórí, ó fọ ọwọ́ títí ara ìka rẹ̀ fi hunjọ, ó sì jáde pẹ̀lú ìgò tó ṣófo.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàbù ló ti bá Máfọwọ́. Inú ike bọ́tà ló kó tirẹ̀ sí, ike náà kún dé ọrùn, ó gbé e lé itan bí ẹni gbé oúnjẹ ọ̀sán.

"Ìwọ, ìgò ni wọ́n fún wa," Afínjú ní, ó fi ọwọ́ bo imú.

"Ìgò yẹn kéré jù, kò gba ẹnu ọ̀nà mi." Máfọwọ́ wo ọwọ́ Afínjú. "Tìẹ dà?"

Afínjú fi ìgò tó ṣófo hàn án. Ó wo ìgò rẹ̀, ó wo ike bọ́tà. Ó ronú nípa ọdún kan gbáko tí yóò tún ṣe, nípa eku àti aáyán àti ọ̀pọ̀lọ́ tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ju ìgò náà sí Máfọwọ́ lẹ́sẹ̀.

"Bù díẹ̀ sí i fún mi. Má jẹ̀ẹ́ kó kan ẹnu ìgò."

Máfọwọ́ rẹ́rìn-ín títí ike fi ń mì lórí itan rẹ̀. Ó bù ú. Ọmọbìnrin kan tó ń kọjá rí wọn, ó dúró, ó sì yọ ìgò tirẹ̀ tó ṣófo láti inú àpò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹlòmíì dé. Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn láàbù, bí ìdajì kíláàsì ló ti tò síwájú Máfọwọ́, ó sì ń bù fún wọn bí alásè tó ń bu ọbẹ̀, ó ń béèrè lọ́wọ́ kálukú bóyá ó tó àbí kí òun fi èènì sí i. Mo ti rí ìwà ọ̀bùn láyé mi, ṣùgbọ́n èyí gba ipò kìíní, kì í sì í ṣe ọmọkùnrin tó ń bù ú ni mò ń bá wí. Àwọn tó na ìgò ni mò ń bá wí, àwọn tí wọ́n tún ń wọ ìbọ̀wọ́.

Nínú láàbù, wọ́n po díẹ̀ mọ́ omi iyọ̀ lórí gíláàsì pẹlẹbẹ, wọ́n sì fi í sábẹ́ maikirosíkópù, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tí ojú lásán kò lè rí di ńlá. Afínjú pa ojú kan dé. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni pàǹtírí: okùn ewébẹ̀, ìdọ̀tí tó ń léfòó. Lẹ́yìn náà ló rí ẹyin kan. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti oyin, ó ní ọmọrí kékeré lórí, bíi ti ìkòkò. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni òmíràn wà, òmíràn sì tún wà lẹ́yìn ìyẹn. Ara Afínjú bù máṣọ. Inú Máfọwọ́ ni ìwọ̀nyí ti wá, ó sì ti ń jókòó ti Máfọwọ́ láti ọdún kìíní. Ó ya ẹyin náà dáadáa, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń ya nǹkan tí kò dára.

Ìyá Aràn dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ó wo àwòrán, ó tẹ̀ síwájú, ó wo inú ẹ̀rọ, kò sì gbórí sókè fún ìgbà pípẹ́.

"Aràn inú ẹja," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́. "Ó pẹ́ tí mo ti rí ọ gbẹ̀yìn." Aràn ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó wá yíjú sí kíláàsì. "Inú ẹja tí iná ò jó dénú leléyìí ti máa ń wọ èèyàn lára. Ta ló tún rí ẹyin tó ní ọmọrí?"

Ọwọ́ kan lọ sókè, òmíràn tẹ̀lé e, òmíràn tún tẹ̀lé ìyẹn. Bí ọwọ́ ti ń pọ̀ ni ìdùnnú ń kúrò lójú Ìyá Aràn. Kò ronú kan ike bọ́tà, ẹ má bá a wí, orí èèyàn tó pé kì í ronú débẹ̀. Ohun tó rò ni pé ìdajì kíláàsì ló ní aràn ẹja, ibì kan náà ni gbogbo wọn sì ti ń jẹun.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, wolé-wolé ti dé ilé ìdáná pẹ̀lú ìbòmú àti ìwé àṣẹ. Ó da ẹ̀wà tó wà lórí iná sílẹ̀. Ó ń fi ọ̀bẹ ha ìdí ìkòkò tí Àǹtí fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń gbọ́ òórùn ọ̀bẹ náà. Ó kó gbogbo ẹja jáde nínú yìnyín, ó sọ wọ́n sínú àpò dúdú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá ń tutọ́ sílẹ̀, àwọn kan ní inú ti ń run àwọn tipẹ́, àwọn kò kàn fẹ́ sọ ni. Níwájú gbogbo wọn ni ó ti na ìgò kékeré kan sí Àǹtí.

"Ẹ lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sí i, mà. A fẹ́ mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń gbé kiri."

Àǹtí wo ìgò náà. Obìnrin tí kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ sín nílé ìdáná rẹ̀ gba ìgò lọ́wọ́ ọkùnrin tí kò bí í, ó gba àárín èrò kọjá lọ sí ilé ìyàgbẹ́, ó sì mú un padà wá. Afínjú dúró láàárín èrò yẹn. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó la ẹnu, ẹnìkan tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì pa á dé. Àwọn tó yá ìgbẹ́ ti sọ ọ́ láàárín ara wọn pé kò sí ẹni tó gbọ́, kò sí ẹni tó rí. Ọdún kan kì í ṣe eré.

Ní ìrọ̀lẹ́, Àǹtí jókòó sórí àga nínú yàrá wọn, kò dáná. Bí Afínjú ti sún mọ́ ọn, ó sún sẹ́yìn.

"Má fara kàn mí. Mi ò tíì mọ ohun tó wà lára mi." Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń wò wọ́n. "Wọ́n ní tìẹ ló hàn jù. Wọ́n ní o tiẹ̀ yà á. Ọwọ́ yìí ni mo fi bọ́ ọ o, Afínjú. Ìyá rẹ fi ọ́ lé mi lọ́wọ́, mo wá fi ọwọ́ ara mi bọ́ ọ ní aràn."

"Àǹtí, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Ta wá ni? Mo sun ẹja yẹn, mo sun ún. Ẹni kan nínú ilé ìdáná yẹn ló ń sọ iná kalẹ̀ lẹ́yìn mi, kí wọ́n lè rí mi lé jáde. Ẹ̀yìnkùlé lọ́tàá wà, inú ilé laṣeni ń gbé." Ó gbójú sókè. "Inú ń run ọ́ ni? Ojú rẹ funfun."

Afínjú ní rárá, inú kò run òun. Ó jáde síta, ó dúró lẹ́yìn ilé, èébì gbé e, kò sì sí ohun kan tí yóò bì. Kò sí eku níbẹ̀, kò sí ọ̀pọ̀lọ́, atẹ́gùn tútù ló ń fẹ́. Ara tirẹ̀ ló ń rí i lára.

Èsì ìgò Àǹtí jáde: kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ṣé ẹ rò pé ìyẹn yóò gbà á? Wolé-wolé fi ọwọ́ lu orí tábìlì. Ó ní ẹ̀rí dé nìyẹn, ọ̀gá alásè yìí kì í jẹ nínú ohun tó ń sè fún ọmọ ọlọ́mọ, ó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Wọ́n pinnu pé bí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹun níbẹ̀ yóò gbé oògùn aràn mì, Àǹtí yóò sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ọgbà. Iṣẹ́ lọ, yàrá lọ, orúkọ ni ó kọ́kọ́ lọ nínú wọn.

Afínjú lọ bá Máfọwọ́. Ó ń jẹ búrẹ́dì lórí àtẹ̀gùn.

"A gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀," Afínjú ní. "Bí oògùn yẹn bá ti wọ inú wa, kò sí ẹ̀rí mọ́. Kò sí ẹni tó máa lè mọ̀ pé inú ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ ti wá."

"Ìyẹn gan-an ló dáa." Máfọwọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Oògùn á wọlé, aràn á jáde, ọ̀rọ̀ á tán."

"Àǹtí mi ńkọ́?"

"Àǹtí ẹ mọ oúnjẹ sè. Wọ́n á ríṣẹ́ síbòmíì." Ó na búrẹ́dì sí i. "Ṣé wà á jẹ?"

Ibi tó ti bù ú jẹ ti tutù fún itọ́. Afínjú wò ó, ohun tó sì bà á nínú jẹ́ jù ni pé ọ̀rọ̀ tí Máfọwọ́ sọ yẹn, òun náà ti rò ó lọ́kàn láàárọ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n kó gbogbo wọn jọ sí láàbù. Oògùn wà nínú àwo lórí tábìlì tí wọ́n ti ń la eku, ife omi sì tò síbẹ̀. Wolé-wolé ló ń pín in. Ìyá Aràn dúró tì í. Àǹtí wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò aṣọ rẹ̀. Wọ́n ní kó dúró kí ó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kó tó máa lọ. Afínjú ni wọ́n kọ́kọ́ pè, nítorí àwòrán rẹ̀ ló hàn jù. Wolé-wolé fi oògùn lé e lọ́wọ́.

"Gbé e mì."

Afínjú wo oògùn náà. Ó kéré, ó funfun, bó bá ti kọjá ọ̀fun, gbogbo rẹ̀ ti parí nìyẹn. Ó dá a padà sínú àwo.

"Mi ò ní aràn, sà. Ìgbẹ́ tó wà nínú ìgò mi, kì í ṣe tèmi."

Ìyá Aràn bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ti ta ni?"

"Mo yá a ni, mà. Èmi ni mo kọ́kọ́ yá a. Àwọn yòókù rí mi, wọ́n sì yá tiwọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló bù ú fún gbogbo wa."

"Ẹ yá ìgbẹ́," ni Ìyá Aràn wí, bí ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ èdè àjèjì sọ kó lè mọ̀ ọ́n pè. "Kí ló dé?"

"Tèmi ń rí mi lára."

Ẹnìkan fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín tán. Wolé-wolé ní irọ́ ni, ó ní ọmọ alásè ni, ó fẹ́ gba ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ sílẹ̀, àbí àbúrò, èyíkéyìí tí ìbáà jẹ́. Ìyá Aràn ti yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó mú ìgò kékeré kan nínú àpótí, ó gbé e lé Afínjú lọ́wọ́.

"Lọ mú tìẹ wá báyìí. Èmi á dúró sẹ́nu ọ̀nà."

Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, kò sí ìbọ̀wọ́, kò sí ìbòmú, ìgò àti ẹyọ igi kan tí ó ṣẹ́ lára ìgbálẹ̀ ló wà. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì bù ú. Kò rọrùn fún un rárá, kò sí pé ó mọ́ ọn lára lójijì. Ó rí i lára títí ó fi di ìgò náà, ó sì tún rí i lára nígbà tó gbé e la àárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá, tí ìgò ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló pò ó mọ́ omi iyọ̀. Òun ló fi sábẹ́ ẹ̀rọ.

Ìyá Aràn wò ó, ó wò ó pẹ́. Wolé-wolé wò ó. Ìyá Aràn wá pe Àǹtí láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ wá wò ó, mà."

Àǹtí gbé àpò sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sórí ẹ̀rọ. "Kí ni mo fẹ́ wò níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Òun náà lẹ fẹ́ wò. Ọmọ tó ń jẹ ẹja yín lójoojúmọ́ nìyẹn."

Lẹ́yìn èyí, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé oògùn mì mọ́. Gbogbo àwọn tí ẹyin aràn wà nínú ìgò wọn ni wọ́n tò sẹ́nu ilé ìyàgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ọ̀la, ìgò lọ́wọ́, tí Ìyá Aràn ń ṣọ́ wọn. Títí ọ̀sán fi pọ́n ni wọ́n ń wò wọ́n. Kò sí aràn ẹja nínú ẹnikẹ́ni, àfi Máfọwọ́, tí tirẹ̀ pọ̀ tó fi jẹ́ pé Ìyá Aràn pe àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó. Máfọwọ́ ní ẹja létí odò ni, ó dùn. Òun nìkan ló gbé oògùn mì lọ́jọ́ náà. Wolé-wolé tẹ́, ó já ìwé àṣẹ tó fi ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná pa, ó ń sọ pé òun ń ṣe iṣẹ́ òun ni. Ìyá Aràn kò sì pariwo. Ó ní kí gbogbo àwọn tó yá wá mọ̀ pé ọdún tí wọ́n ń bọ̀ wá tún ṣe, ọ̀dọ̀ òun ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀, ìgò sì ń bẹ.

Ìyẹn kò dun Afínjú bó ti rò. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi láàbù, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, ó sì jáde lọ bá Àǹtí.

Àǹtí dúró lábẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀, àpò aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìdáná ń pè é láti òkèèrè pé kó máa bọ̀, ilẹ̀kùn ti ṣí. Afínjú ló kọjú sí.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?" ó béèrè.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìgbà wo?"

"Ọjọ́ tí wọ́n wá."

"Kí wọ́n tó fún mi ní ìgò, àbí lẹ́yìn tí wọ́n fún mi?"

Afínjú wo ilẹ̀. "Kí wọ́n tó fún yín."

Àǹtí mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ iye èèyàn tí òun yóò dáná fún. Kò pariwo, kò sunkún. Afínjú bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó sì na ọwọ́ láti bá a gba àpò kí wọ́n jọ máa lọ sílé. Àǹtí gbé àpò náà sí ọwọ́ kejì.

"Fi sílẹ̀," ó ní. "Ọwọ́ rẹ ń rí mi lára."

Ó bọ́ sínú oòrùn, ó kọrí sí ọ̀nà ilé ìdáná. Afínjú dúró níbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni, ọṣẹ ṣì ń rùn lára rẹ̀.